Àmín Inú Táńkì

Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún Morádéún, bó bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ajégúnlẹ̀, ẹni tó ń kọjá lójú títì á dúró gbọ́. Mi ò bù mọ́ ọn. Ọkùnrin kan tó ru omi dídì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ́jọ́ kan títí ẹrù orí rẹ̀ fi yọ́ sí i lọ́rùn, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti rin gbingbin. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ọdún 1975 nìyẹn, ohùn ọ̀hún ò padà bó ṣe lọ. Dókítà ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ pé ibi tí gẹ̀gẹ̀ náà fara tì kò dáa, pé ó lè kan ohùn. Morádéún ní kí wọ́n yọ ọ́, nítorí òkú kì í kọrin. Wọ́n yọ ọ́, ó yè, ó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn tó kù sí i lọ́fun tín-ín-rín, ó sì há díẹ̀, bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi wà ní wọ́ọ̀dù láìlè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ sí lọ́fun níbẹ̀, ṣíbí ni wọ́n máa ń fún un. Bó bá fẹ́ omi, á gbá ṣíbí mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì á dé. Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni Morádéún ti fi bírò kọ orin kan sẹ́yìn ìwé ètò ìsìn ọjọ́ Àìkú, orin ọpẹ́ tó jẹ́ pé àdúrà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí òun bá jáde láàyè, òun á ṣe orin náà sínú àwo, òun á gbé e padà wá sí wọ́ọ̀dù yẹn fún àwọn tó bá kù níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Morádéún mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ ò fi balẹ̀ nígbà tó wọlé tọ Ọ̀gá Godfrey lọ.

Ọ̀gá Godfrey ló ń darí ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń gba orin sílẹ̀ lẹ́yìn Wharf Road, kò jìnnà sí ọ́fíìsì tí Morádéún ti ń tẹ̀wé fún àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní ibùdókọ̀ òkun. Ní Kérésìmesì tó kọjá ló gbọ́ ọ tó kọrin, tó sì ṣèlérí pé òun á gba orin rẹ̀ sílẹ̀. Nísinsìnyí ó gbọ́ ẹsẹ̀ orin kan péré, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Màdáámù, àdéhùn ni àdéhùn, mi ò sẹ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n bí a bá fi ohùn yìí sórí àwo, àwọn èèyàn á rò pé gírámáfóònù àwọn ló bàjẹ́. Mo fún yín di Mọ́ńdè tó ń bọ̀. Bí ẹ bá mú nǹkan tó ṣeé gbọ́ wá, fine. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa fi àyè yín fún ẹlòmíràn."

Ó dun Morádéún dé egungun, àmọ́ kò lè pè é ní òpùrọ́.

Ẹni tó tẹ̀lé e jáde ni Kọ̀yà, ọmọkùnrin gíga tó ń ṣètò ẹ̀rọ ní sítúdíò náà. Kọ̀yà kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀rọ ló máa ń bá sọ ọ́. Ọjọ́ yẹn ó rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Àǹtí, ohùn yín ò bàjẹ́ o. Ó kàn ń dá rìn ni. Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tí á bá a rìn."

Ẹ̀rọ tó yẹ kó bá a rìn wà lóòótọ́, èyí tó máa ń mú kí ohùn dún padà bíi pé inú gbọ̀ngán ńlá lèèyàn wà, àmọ́ inú ọkọ̀ kan lójú òkun ló wà. Ọdún yẹn ni ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì kún ojú omi Àpápá, tí gbogbo wọn ń dúró kí àyè ṣí sílẹ̀. Bí o bá dúró ní Marine Beach, o lè ka ọkọ̀ títí ojú á fi rẹ̀ ọ́. Morádéún fúnra rẹ̀ ti tẹ lẹ́tà mẹ́ta lórí ẹrù yẹn níbi iṣẹ́, láì mọ̀ pé òun náà á nílò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fèsì.

Ni Kọ̀yà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọgbọ́n. Ní Túsìdeè, ó ní kí Morádéún kọ orin náà lẹ́ẹ̀mejì, ó da ìkejì lé èkíní lórí, kó lè máa gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ohùn méjèèjì pàdé, wọ́n sì ń takora bí orogún. Ó fa téèpù lọ́ra, Morádéún di bàbá arúgbó. Ó mú un yára, ó di ẹ̀fọn. Akọ̀wé ẹnu ọ̀nà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Morádéún náà bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ilé, kò lè jẹun.

Ní Wẹ́síìdeè, Kọ̀yà gbé sípíkà sínú ilé ìtọ̀ ilé-iṣẹ́, nítorí táìlì ni wọ́n fi bo ògiri ibẹ̀. Sípíkà á sọ orin náà jáde, ògiri á dá a padà, máìkì tó wà ní igun kejì á gbà á sórí téèpù mìíràn. Ohùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn díẹ̀díẹ̀. Kọ̀yà ti ń mi orí pé ó ń dáa. Ìgbà yẹn gan-an ni Ọ̀gá Godfrey sáré wọlé, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó sì ṣe ohun tó bá wá. Gbogbo rẹ̀ ló wọ téèpù, títí kan omi tó fi ṣàn án. Ó ní kí wọ́n kó ẹrù wọn kúrò nílé ìtọ̀ òun, kíá.

Ní Tọ́sìdeè, Kọ̀yà ní òun fẹ́ bá Morádéún délé, kóun gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń rí níbi tí ara ti tù ú. Ilé oníyàrá mọ́kànlá ni wọ́n ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, táńkì sìmẹ́ńtì ńlá kan sì wà lẹ́yìnkùlé, tó ga ju èèyàn lọ, tó ń gba omi òjò láti orí páànù. Omi yẹn ni gbogbo ilé ń mu. Onílé wọn, Màmá Ebiere, obìnrin tó wá láti Rivers, ló ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ wúrà.

Morádéún gbé ẹ̀bà síwájú Kọ̀yà. Kò tíì jẹ òkèlè kejì tí Màmá Ebiere fi gun àkàbà, tó ki orí bọ ẹnu táńkì, tó sì figbe ta.

"Who carry my bowl? Ta ló gbé abọ́ tí mo fi ń bu omi?"

Táńkì náà gbà á, ó sì dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin, ó rọra ń lọ, ó rọra ń lọ, títí ó fi parẹ́. Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ Kọ̀yà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, ó ti dìde, "ẹ tún bú wọn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Màmá Ebiere kì í ṣe ẹni tí à ń bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó bú wọn dáadáa. Kọ̀yà dúró nísàlẹ̀ àkàbà, ó di ojú, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù.

Àmọ́ iná mànàmáná àti omi kì í gbé pọ̀. Bí sípíkà bá máa wọ inú táńkì, àfi kí omi kúrò níbẹ̀ pátápátá, omi náà sì ti kọjá ìdajì. Bí Kọ̀yà ṣe sọ ọ́, ojú gba Morádéún tì.

"Rárá o, Kọ̀yà. Mi ò lè sọ fún yàrá mọ́kànlá pé kí wọ́n pàdánù omi nítorí orin mi. Jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

Màmá Ebiere sọ̀ kalẹ̀ láti orí àkàbà. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, etí rẹ̀ kì í di.

"Sister, come here," ló wí. "Nígbà tí Ebiere mi ń rọbí fún ọjọ́ méjì, who stand for my window dey sing? No be you? You sing till pikin commot. Did I pay you?" Ó na ọwọ́ sí táńkì. "Omi á padà wá. Voice nkọ́?"

Morádéún kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tútù.

Ní Fúráìdeè, kò sí ohun tó ní ìdí nínú ilé yẹn tí wọn ò pọn omi kún. Garawa, ìkòkò ọbẹ̀, agbada, abọ́ ìfọṣọ, gbogbo wọn kún. Kò sí ọmọ tí wọn ò wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lazarus, káfíńtà tó ń gbé yàrá iwájú, fọ aṣọ fèrèsé rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti rà á, ó sì ṣàkíyèsí pé aṣọ búlúù ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, táńkì gbẹ, Lazarus sì wọ inú rẹ̀ lọ fi àkísà nù ún.

Sátidé ni Kọ̀yà dé nínú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ téèpù méjì, ọ̀kan tí á máa sọ orin, èkejì tí á máa gbà á. Ọkọ̀ náà á padà wá kó wọn ní agogo márùn-ún, nítorí àwọn kan ti gba sítúdíò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohùn Morádéún ti wà lórí téèpù, ó gbẹ, ó dá wà. Ó ku kí táńkì fọwọ́ kàn án. Wọ́n fa wáyà iná láti yàrá Lazarus, wọ́n gbé sípíkà sórí àpótí tí Lazarus kàn fún un, wọ́n so máìkì rọ̀ sí igun kejì. Gbogbo ilé pa rédíò. Wọ́n gbé odó kúrò nílẹ̀. Gbogbo èèyàn yí táńkì ká, wọ́n dákẹ́ jẹ́jẹ́.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ohùn Morádéún jáde láti inú táńkì:

*Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn, á padà sórí ẹní ara rẹ̀.*

"Àmín!" Màmá Ebiere ló pariwo rẹ̀, ẹnu táńkì gan-an ló dúró sí.

Kọ̀yà pa ẹ̀rọ. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe àmín. Máìkì ń gbọ́ yín."

"You dey craze? Person dey pray, you say make I close mouth? Kí àdúrà kọjá mi lọ sí compound kejì?"

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó gbà. Kọ̀yà dá téèpù padà síbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí Màmá Ebiere fi etí ìró bo ẹnu, wọ́n sì kọjá ibi àkọ́kọ́ yẹn ní àlàáfíà, ó kan ìkejì:

*Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, Olúwa, jẹ́ kó rí i ṣe.*

"Àmín, àṣẹ!" Lazarus nìyẹn. Ó ti tó oṣù méjì tí ẹnikẹ́ni ò ti ní kó kan ilẹ̀kùn fún òun.

Ìgbà kẹta, Lazarus di ẹnu, Màmá Ebiere di ẹnu, ṣùgbọ́n nígbà tó kan àdúrà àwọn ọmọ, àmín mẹ́fà ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú wọn sì wá láti òdìkejì ògiri, lẹ́nu ẹnì kan tí wọn ò rí. Ẹ má bá wọn wí. Ta ni nínú yín tí á gbọ́ àdúrà rere tí á pa ẹnu dé? Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé àdúrà tí a ò ṣe àmín sí, ẹlòmíràn ló ń kó o lọ.

Agogo mẹ́rin ààbọ̀ lù. Kọ̀yà kó gbogbo ilé jáde sí títì, tàgbà tèwe, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Morádéún nìkan ló dúró, nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ di ìdérí táńkì mú kó má tẹ wáyà. Ó gun àkàbà, ó di ìdérí náà mú. Kọ̀yà fi ẹ̀rọ ìgbọ́ sí etí, ó tẹ ẹ̀rọ.

Láti ọjọ́ tó ti kúrò ní wọ́ọ̀dù, Morádéún kì í fẹ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ó máa ń yára sọ ọ́ tán. Báyìí kò sí ibi tó lè sá sí. Ohùn náà gòkè wá bá a láti inú òkùnkùn táńkì. Ó ṣì tín-ín-rín, ó ṣì há, kò di ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ó ti rí ilé gbé. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jáde, ó ń rìn yí ògiri ká, ó ń padà wá di ọwọ́ èyí tó tẹ̀lé e mú. Ó gbọ́ ọ bí ohùn obìnrin mìíràn tí kò mọ̀ rí, obìnrin kan tójú rẹ̀ ti rí nǹkan, tó ń fi sùúrù tọrọ fún àwọn èèyàn. Ẹ̀rù ò bà á. Àánú obìnrin náà ló ṣe é, ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

Orin náà dé ìparí, ibi tó kọ nígbà tí àpólà ọ̀rọ̀ kan ò lè jáde lẹ́nu rẹ̀:

*Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ ọ́, Baba, bá a sọ ọ́.*

"Àmín," ni Morádéún wí.

Kó tó mọ̀, ó ti jáde. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sínú táńkì, táńkì gbà á, ó sì rọra ń yí i títí ó fi dákẹ́. Morádéún fi ọwọ́ bo ẹnu. Lójú títì, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ń fun fèrè.

"Kọ̀yà, mo ti bà á jẹ́. Èmi fúnra mi! Lẹ́yìn gbogbo omi táwọn èèyàn yìí pọn."

Kọ̀yà dá téèpù padà, ó gbọ́ ìparí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló yọ ẹ̀rọ ìgbọ́, tó fi sí etí Morádéún.

"Ẹ má bínú sí mi, Àǹtí," ló wí. "Mi ò ní lè pa èyí rẹ́."

Ní Mọ́ńdè, Ọ̀gá Godfrey jókòó, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ó gbọ́ ọ dé ìparí.

"Ohùn ti dáa," ló wí. "Ó dáa gan-an, mi ò mọ ibi tí ẹ ti rí i. Ṣùgbọ́n àmín yìí, àṣìṣe ni. Ẹ gé e kúrò."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tún gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀," ni Kọ̀yà wí.

Wọ́n tún un gbọ́. Nígbà tó kan ibi ìparí, kí àmín orí téèpù tó dé, ẹnu Ọ̀gá Godfrey ti ṣí. "Àmín," ló wí. Ó wò yíká bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran. Akọ̀wé ẹnu ọ̀nà gbé ojú sílẹ̀. Kọ̀yà ń wo ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀gá Godfrey wí, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Òjò ò tètè rọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko lẹ́yìn tí omi inú garawa tán ni gbogbo ilé fi ń lọ tò níbi ẹ̀rọ omi ìta. Kò sẹ́ni tó ráhùn, àfi Lazarus díẹ̀, òun náà sì ráhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, Morádéún ló kọ́kọ́ jí, ó ń pọn omi sẹ́nu ọ̀nà Màmá Ebiere kó tó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí òjò wá rọ̀ níkẹyìn, òun ló jó jù nínú àgbàlá.

Lóṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn, àwo náà jáde. Ibi àkọ́kọ́ tí Morádéún gbé e lọ ni wọ́ọ̀dù. Lazarus bá a gbé gírámáfóònù, Màmá Ebiere bá a ru ọsàn fún àwọn aláìsàn, Kọ̀yà náà tẹ̀lé wọn. Nọ́ọ̀sì àgbà ní ojú kan àwo péré lòun fi àyè gbà, kí wọ́n sì rọra ṣe é.

Lórí bẹ́ẹ̀dì tí Morádéún sùn sí rí, obìnrin kan wà níbẹ̀ tí báńdéèjì yí ọrùn rẹ̀ ká. Ó ń wò wọ́n. Ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Orin bẹ̀rẹ̀. Bí àdúrà kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó lè sọ̀rọ̀ ń ṣe àmín láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, Màmá Ebiere sì ń ṣe tirẹ̀ tagbáratagbára, kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́ mọ́. Ó wá kan ìparí. *Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ ọ́, Baba, bá a sọ ọ́.* Àmín Morádéún tẹ̀lé e, ó yí inú táńkì ká, ó dákẹ́.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ṣíbí dún mọ́ irin.

Nọ́ọ̀sì sáré wá. "Kí lẹ fẹ́, Màmá? Ṣé omi ni?"

Obìnrin náà mi orí pé rárá. Ó tún gbá ṣíbí mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ojú rẹ̀ sì wà lára Morádéún.

"Ẹ fi í sílẹ̀, nọ́ọ̀sì," ni Morádéún wí, omijé ti kún ojú rẹ̀. "Kò fẹ́ nǹkan kan. Àmín ló ń ṣe."

Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé abẹ́rẹ́ gírámáfóònù padà síbẹ̀rẹ̀ àwo. Nọ́ọ̀sì àgbà rí i, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.